Lindisfarne, erékùṣù tí òkun ń ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́: ta ló ti débẹ̀ rí?

Bàbá Ìbejì (Adó-Èkìtì)

Èkìtì kete, mo kí gbogbo ilé o. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

Ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò ni mo gbé wá. Kẹ́hìndé mi fẹ́ gboyè ní Durham, ní Ìlú Ọba, nínú oṣù keje, èmi àti ìyá rẹ̀ sì ti gba físà. (Ẹ má béèrè iye tó ná wa.) Ọ̀sẹ̀ méjì la máa lò. Tí wọ́n bá ti ya fọ́tò tán, ibì kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn mi tí mo fẹ́ fojú ara mi rí: Lindisfarne, tí wọ́n tún ń pè ní Holy Island, níbi tí Aidan, mọ́ńkì ayé àtijọ́, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìhìnrere ní ọdún 635. Káteksísì ni mí. Ó ti tó ogún ọdún tí mo ti ń sọ ìtàn ọkùnrin yìí fáwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì, mi ò sì mọ bí ibẹ̀ ṣe rí.

Àmọ́ Kẹ́hìndé ní, "Dádì, ibẹ̀ kì í ṣe ibi téèyàn kàn máa ń dìde lọ o. Òkun máa ń bo títì." Mo ní kó tún un sọ. Ó ní lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, omi á bo títì pátápátá, á tún fà, títì á sì tún yọ. Òun alára kò tíì débẹ̀, ìwé ló ń kà láti ọjọ́ tó ti dé ọ̀hún, mi ò sì bá a jà sí ìyẹn. Ọmọ Èkìtì ni mí, kí ni mo mọ̀ nípa òkun? Omi tó ń bo títì tí mo mọ̀ ni àgbàrá òjò, ìyẹn kì í sì í pẹ́ kó tó bá tirẹ̀ lọ.

Ẹni tó bá ti débẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀. Báwo lèèyàn ṣe ń mọ ìgbà tí títì ṣí? A ò ní mọ́tò níbẹ̀. Orúnkún ń dun ìyá Ìbejì, kò lè rìn jìnnà. Ṣé ọjọ́ kan tó, àbí ká sùn síbẹ̀?

Ṣókí Ìjerò

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú oríire ọmọ o. Àmọ́ ẹ̀yin náà ẹ wò ó: òkun ń bo títì, ẹ sì fẹ́ lọ? Ìkọ̀gòsì wà níbí, omi gbígbóná pàdé omi tútù, wọ́n jọ ń ṣàn lọ jẹ́jẹ́, kò sí èyí tó lé ẹnikẹ́ni rí. Arínta náà wà ní Ìpólé-Ìlọ́rọ̀. Aidan gan-an ì bá mọ Ìkọ̀gòsì, ibẹ̀ ni ì bá kọ́lé sí.

Màmá Jọ́gíráfì (Ìkéré-Èkìtì)

Ṣókí, jẹ́ ká gbọ́ràn.

Bàbá Ìbejì, ẹ kú oríire. Ọlọ́run á jẹ́ ká jẹun ọmọ pẹ́. Mo ti débẹ̀, ní 2018, nígbà tí mo lọ bá ọmọbìnrin mi gbé ọmọ jòjòló ní Newcastle. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ Jọ́gíráfì ní sẹ́kọ́ńdìrì kí n tó fẹ̀yìntì. Gbogbo ọdún yẹn ni mo fi ń ya òṣùpá àti òkun sára pátákó pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì, tí mo ń sọ fáwọn ọmọ pé òṣùpá ló ń fa omi, tí n kò sì fojú rí i rí. Ọjọ́ tí mo wá rí i, ojú tì mí, nítorí èmi olùkọ́ gan-an ni òkun há mọ́ erékùṣù. Mo ń bọ̀ lórí ìyẹn.

Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ, ẹ má gbàgbé èyí: ẹ má mú ọjọ́ kẹ́ ẹ tó wo omi. Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, òun ló máa mú ọjọ́ fún yín. Ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀, ìyẹn Northumberland, máa ń gbé àkókò tí títì ṣí sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tirẹ̀, wọ́n sì tún ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó lórí títì níhà méjèèjì. Ọjọ́ méjì tó tẹ̀ léra kì í bára mu. Ṣé ẹ mọ ọjà ọrọọrún? Bó bá bọ́ sí Mọ́ńdè lọ́sẹ̀ yìí, kì í ṣe Mọ́ńdè ló máa bọ́ sí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀; ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìnáwó á kọ́kọ́ ka ọjọ́ ọjà ná. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Lójoojúmọ́ ni òṣùpá ń pẹ́ yọ ju ti àná lọ, kíkún òkun náà sì ń fi nǹkan bí àádọ́ta ìṣẹ́jú pẹ́ ju ti àná. Bí omi bá ti títì ní agogo mẹ́wàá àárọ̀ lónìí, lọ́la á sún mọ́ mọ́kànlá. Tí òṣùpá bá kún, tàbí tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, omi máa ń ga ju bó ṣe ń ga tẹ́lẹ̀, bó bá sì máa fà, á fà jìnnà. Bede, mọ́ńkì tó kọ ìtàn ṣọ́ọ̀ṣì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì parí ní 731, ti sọ ọ́ nígbà náà pé lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ni òkun ń sọ ibẹ̀ di erékùṣù, lẹ́ẹ̀mejì ló sì ń dá a padà fún ilẹ̀. Títì tí mọ́tò ń gbà yìí, àárín àwọn ọdún 1950 síwájú ni wọ́n ṣe é. Ṣáájú ìyẹn, orí iyanrìn ni tọmọdé tàgbà ń gbà.

Ó yá, ẹ gbọ́ tèmi. Ọkọ ọmọ mi ló wakọ̀. Ọmọ dáadáa ni, àmọ́ ó gbà pé àkókò yòówù tí òyìnbó bá kọ sílẹ̀, wọ́n ti fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú pa mọ́ sínú rẹ̀, bí àwa náà ṣe ń kọ agogo mẹ́wàá sínú ìwé ìpè nígbà tí a mọ̀ pé mọ́kànlá la máa bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn agogo mẹ́ta ọ̀sán ni títì máa ti. Èmi wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì St Mary, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àlàpà ilé àwọn mọ́ńkì, mò ń wo ère igi kan: mọ́ńkì mẹ́fà gbé pósí Cuthbert, bíṣọ́ọ̀bù ibẹ̀ láyé àtijọ́, lé èjìká. Ó rẹ̀ wọ́n, ẹ máa rí i lára igi yẹn pé ó rẹ̀ wọ́n. Àwọn ọlọ́ṣà ojú òkun láti ìhà Scandinavia ti kó ibẹ̀ ní 793, nígbà tó sì di 875, àwọn mọ́ńkì gbé òkú bíṣọ́ọ̀bù wọn, wọ́n sì bá ọ̀nà lọ. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kí pósí yẹn tó balẹ̀ sí Durham, níbi tí Kẹ́hìndé yín wà. Mo jókòó síwájú ère yìí, mò ń ro ẹni tó ń gbé òkú lé ẹlòmíì lọ́wọ́ títí wọ́n fi dàgbà tí wọ́n fi kú. Ọkọ ọmọ mi ń juwọ́ sí mi lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní kó fún mi ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ̀bi mi nìyẹn. Nígbà tí mo jáde, òun náà ní kí òun sáré ra ọtí oyin tí wọ́n ń tà níbẹ̀ fún ọ̀gá òun níbi iṣẹ́. Ẹ̀bi tirẹ̀ nìyẹn.

A dé etí títì, ó ti fi ogún ìṣẹ́jú kọjá àkókò. Oòrùn ń ràn. Kò sí ìgbì, kò sí ariwo kankan. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ wò ó, títì ṣì wà níbẹ̀." Lóòótọ́ ni, títì wà níbẹ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ wò ó dáadáa.

Mo ti rò pé iwájú ni omi á ti wá, bí ẹni ń pàdé mọ́tò. Ẹ̀gbẹ́ ló ti wá, lọ́tùn-ún àti lósì, tẹ́ẹ́rẹ́, láìsọ nǹkan kan, bí omi ṣe ń wọ àkùrọ̀ ìrẹsì ní Ìgbẹ́mọ tí èèyàn á kàn rò pé ilẹ̀ ń dán ni. Ó gbé ewé òkun gbígbẹ kan dání. Ó gbé e gun etí títì, ó rọra gbé e dé orí ìlà funfun tó wà láàárín, ibẹ̀ ló ti pàdé omi tó ń bọ̀ láti apá kejì. Ewé náà yí po lẹ́ẹ̀kan. Ìlà funfun wọmi. Mo ka ìkejì, mo ka ìkẹta, ìkẹrin kò dúró dè mí. Mo padà wọ mọ́tò, mo ní, "Yí ọkọ̀ yìí padà." Ó ní kò tíì mù wá dé kókósẹ̀. Mo ní, "Níbí ni. Lọ́hùn-ún nídìí afárá ńkọ́?" Apá ọ̀hún ni títì ti lọ sílẹ̀ jù, ibẹ̀ lomi sì ń jìn jù.

Ilé onígi funfun kékeré kan wà nítòsí afárá yẹn, ó dúró lórí ẹsẹ̀ gíga, àtẹ̀gùn ni wọ́n fi ń gùn ún. Ẹni tí omi bá ká mọ́ ojú ọ̀nà ni wọ́n kọ́ ọ fún. Á pa mọ́tò tì, á gun òkè, á tẹ ẹ̀ṣọ́ etíkun láago, á wá máa fojú ara rẹ̀ wo mọ́tò rẹ̀ bó ṣe ń mumi. Lọ́dọọdún ni àwọn kan ń há síbẹ̀ tàbí tí ọkọ̀ ojú omi ń lọ gbé wọn, pẹ̀lú gbogbo pátákó ìkìlọ̀ tí wọ́n rì mọ́ ọ̀nà. Kì í ṣe pé wọn ò mọ̀wé. Títì tí wọ́n ṣì ń rí ló ń tàn wọ́n.

A padà sí abúlé. Agogo mẹ́sàn-án alẹ́ kù díẹ̀ kí títì tó ṣí. Ọkọ ọmọ mi tó ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ láàárọ̀ pé mo di oúnjẹ bí ẹni ń lọ sóko, òun nìkan ló jẹ mọ́ínmọ́ín mẹ́rin.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ òtítọ́. Wákàtí márùn-ún àti díẹ̀ yẹn gan-an ló dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo oṣù mẹ́ta tí mo lò. Àwọn bọ́ọ̀sì arìnrìn-àjò ti lọ. Àwọn tó ń gbé erékùṣù náà kò tó igba, oníkálukú sì ti wọlé. Tí ẹ bá ń rìn nínú àlàpà yẹn, ẹsẹ̀ tiyín nìkan lẹ ó máa gbọ́. Apá òkúta tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà níbẹ̀ tó tẹ̀ kọjá lójú ọ̀run bí òṣùmàrè, ilé ti wó kúrò lábẹ́ rẹ̀, òun kò wó. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í fà, a gbọ́ igbe kan láti orí iyanrìn lókèèrè, bí igbe obìnrin tó ń sunkún òkú. Ara mi bù máṣọ. Ẹran inú òkun ni, èyí tí wọ́n ń pè ní seal, orí iyanrìn ni wọ́n máa ń gùn tí omi bá fà. Wọ́n ń ké, a dákẹ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹ wá ọjọ́ tó jẹ́ pé ọ̀sán ni òkun máa ti títì. Ẹ wọlé láàárọ̀ kó tó ti, ẹ jẹ́ kó ti yín mọ́bẹ̀, ẹ jáde nírọ̀lẹ́. Ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ há kò há. Tí ẹ ò bá rí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ kúrò níbẹ̀ ní wákàtí kan gbáko ṣáájú àkókò tí wọ́n kọ. Afẹ́fẹ́ líle lè mú omi yá ju bí ìwé ṣe sọ lọ.

Ní ti orúnkún: inú abúlé tẹ́jú, àlàpà àti ṣọ́ọ̀ṣì kò jìnnà síra wọn. Ilé olódi tó wà lórí òkúta ni ká má tàn ara wa, ọ̀nà ibẹ̀ jìn díẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n sì tò sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí wọ́n ń gùn wọlé. Nígbà tí ọba wọn ti ti ilé àwọn mọ́ńkì pa ni wọ́n ṣa òkúta ibẹ̀ lọ fi kọ́ ọ. Ẹ wò ó láti ìsàlẹ̀, ó tó. Ẹni tó ń jí rí Olósunta láràárọ̀ kò ní tìtorí òkúta yẹn ya ẹnu. Ẹ mú sùẹ́tà àti réènkóòtù dání. Oṣù keje ni o, mo mọ̀. Ẹ ṣáà mú un.

Bàbá Ìbejì (Adó-Èkìtì)

Màmá, ẹ ṣeun gan-an, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Mo ka ti ìlà funfun yẹn fún ìyá Ìbejì, ó ní ká kúkú lọ wo London.

Mo ti bẹ̀ ẹ́. Ìbéèrè kan ló kù. Mo rí fọ́tò àwọn èèyàn tó ń fẹsẹ̀ rìn kọjá lórí iyanrìn, òpó gíga tò lọ rẹrẹẹrẹ níwájú wọn. Ọ̀nà yẹn ló wù mí. Aidan fẹ́ràn ẹsẹ̀ rírìn. Ọba Oswin fún un ní ẹṣin tó dáa, ó pàdé alágbe lọ́nà, ó fà á fún un tòun ti ìjánu. Nígbà tó kọ́kọ́ dé láti Iona, erékùṣù kan ní Scotland, pàápàá, kò gbọ́ èdè wọn dáadáa. Ọba Oswald, tó wà lórí ìtẹ́ nígbà náà, fúnra rẹ̀ ló ń dúró ṣe ògbufọ̀ tó bá ń wàásù. Tí mo bá débẹ̀ yẹn nínú ìtàn, mo máa ń bi àwọn ọmọ pé, kábíyèsí wo ní Èkìtì ló máa bọ́ adé sílẹ̀ kó wá máa túmọ̀ ìwàásù? Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí. Mo fẹ́ rin ọ̀nà yẹn kí n lè sọ fún wọn pé mo rìn ín.

Màmá Jọ́gíráfì (Ìkéré-Èkìtì)

Aidan kò ní ìyàwó tí orúnkún ń dùn.

Ó tó máìlì mẹ́ta lórí iyanrìn, ẹrẹ̀ wà níbẹ̀ tó ń fa ẹsẹ̀, wákàtí méjì kì í pọ̀ jù fún un. Àkókò tí wọ́n kọ fún mọ́tò kì í ṣe ti ẹlẹ́sẹ̀ o! Ìgbà tí omi ṣì ń fà ni ẹlẹ́sẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, lójú mọmọ, ó sì gbọ́dọ̀ ti gúnlẹ̀ kí àkókò tí títì fi ṣí tó dé ìdajì. Ilé onígi wà lójú ọ̀nà yẹn náà fún ẹni tí omi bá lé bá. Ẹni ọdún mélòó ni yín? Ẹ má dáhùn. Tí ẹ bá fẹ́ mú nǹkan padà fáwọn ọmọ, ẹ dúró létí títì nígbà tí omi bá fà, ẹ bọ́ bàtà, ẹ rin ìgbésẹ̀ ogún lórí iyanrìn níbi tí àwọn òpó yẹn ti bẹ̀rẹ̀, ẹ yà á ní fọ́tò, ẹ padà. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Ẹ rìn ín.

Ọmọ Ìsẹ̀ ní Newcastle

Mo dọ̀bálẹ̀ fún Màmá, mo kí Bàbá Ìbejì. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ọkọ̀ kún un, nítorí wọ́n ní àwọn ò ní mọ́tò.

Láti Durham, ẹ wọ réluwéè tó ń lọ síhà Scotland, ẹ sọ̀ ní Berwick-upon-Tweed. Nǹkan bíi wákàtí kan ni, kì í sì í ṣe gbogbo réluwéè ló ń dúró níbẹ̀, ẹ wò ó kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ jókòó sápá ọ̀tún, ẹ ó máa rí òkun. Bọ́ọ̀sì wà láti Berwick wọ erékùṣù, àmọ́ omi ló ń tẹ̀ lé, òun náà ò ní àkókò kan pàtó, kì í sì í ná ọ̀nà yẹn lójoojúmọ́. Tí ti ọjọ́ yín kò bá bára mu, ẹ bá onítasí sọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní Berwick kí ọjọ́ tó pé, ẹ ṣe àdéhùn àlọ àti àbọ̀. Má ṣe "tí a bá dé, a ó rí nǹkan wọ̀" o. Kò sí ọ̀kadà níbẹ̀.

Màmá ò mẹ́nu ba owó. Àlàpà àwọn mọ́ńkì wà lábẹ́ àjọ English Heritage, ilé olódi wà lábẹ́ àjọ National Trust, tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Àkókò tí wọ́n ń ṣílẹ̀kùn náà sì ń yí pẹ̀lú omi, nítorí náà ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó jáde nílé. Ṣọ́ọ̀ṣì ni ti ọ̀fẹ́.

Nǹkan kan tún wà. Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, ẹ ó rí erékùṣù pínníṣín kan tí wọ́n gbé àgbélébùú sí. Ibẹ̀ ni Cuthbert máa ń lọ tó bá fẹ́ dá wà, kó tó wá lọ sí erékùṣù Farne tó jìnnà, níbi tó kú sí ní 687. Tí omi bá fà, èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn dé orí rẹ̀. Àwọn kan á rìn lọ, wọ́n á jókòó gbàdúrà, wọ́n á lajú, omi ti yí wọn ká. Káteksísì, mo mọ irú yín. Ẹ dúró lórí ilẹ̀ wò ó.

Bàbá Ìbejì (Adó-Èkìtì)

Ẹ̀yin èèyàn yìí, ẹ ti mọ̀ mí jù. Ìwé Ìhìnrere Lindisfarne ńkọ́, èyí tí wọ́n fọwọ́ kọ pẹ̀lú àwọn àwòrán mèremère yẹn? Ṣé wọ́n á jẹ́ ká rí i?

Màmá Jọ́gíráfì (Ìkéré-Èkìtì)

Kò sí níbẹ̀. Èmi náà béèrè, ojú sì tì mí. London ló wà, ní British Library. Inú ìyá Ìbejì á dùn, ó ti rí ìdí tó fi fẹ́ lọ London. Tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ wo àárín ìlà: Látìn ni Eadfrith, bíṣọ́ọ̀bù Lindisfarne, kọ ní nǹkan bí 700 sí 720, ó lé ní igba ọdún lẹ́yìn náà kí àlùfáà kan tó ń jẹ́ Aldred tó fi lẹ́tà wẹ́wẹ́ há ìtumọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ sórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Nínú gbogbo ìwé ìhìnrere mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lédè Gẹ̀ẹ́sì tó ṣẹ́ kù, kò sí èyí tó dàgbà tó o. Mo rántí àwọn ọmọ kíláàsì mi tó ń fi pẹ́ńsù kọ Yorùbá sórí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú ìwé kíkà, tí mo ń tìtorí rẹ̀ nà wọ́n.

Ẹ má sì gbàgbé Durham lẹ́sẹ̀ yín. Ibojì Cuthbert wà lẹ́yìn pẹpẹ ńlá ní kàtídírà, ti Bede wà ní ìpẹ̀kun kejì, níhà ìwọ̀-oòrùn. Èkejì ère mọ́ńkì mẹ́fà yẹn náà wà láàárín ìlú, idẹ ni wọ́n fi ṣe ìyẹn. Tí òjò bá ba ti erékùṣù jẹ́, ẹ ò ṣòfò.

Àdùnní Ẹ̀fọ̀n (Paris)

Ẹ kú àsọyé o. Mont-Saint-Michel tó wà ní Faransé lọ́dọ̀ wa níbí, òkè tó wà láàárín iyanrìn bákan náà ni, wọ́n ti ṣe afárá sí i láti 2014, kò fi bẹ́ẹ̀ sí ìfòyà mọ́. Títì àtijọ́ tí wọ́n ti ṣe láti 1879 ló ń dí omi lọ́nà, iyanrìn wá ń gbá jọ, erékùṣù fẹ́ di ilẹ̀ gbígbẹ. Wọ́n wó ìyẹn, wọ́n gbé afárá sórí òpó kí omi lè máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ ló ń gbé èèyàn láti ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí. Ó rọrùn, àmọ́ èrò ibẹ̀ dà bí ti ọjà Ọba ní ọjọ́ ọdún.

Ṣókí Ìjerò

Ẹ rí i? Faransé ti ṣe afárá. Kí ló dé tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ò ṣe é?

Màmá Jọ́gíráfì (Ìkéré-Èkìtì)

Tí wọ́n bá ṣe é, mo máa ti padà sí Newcastle ní agogo márùn-ún, n kò ní gbọ́ igbe seal. Lọ ka ìwé.

Bàbá Ìbejì (Adó-Èkìtì)

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo èyí kí n tó sanwó réluwéè. Tọ́sìdeè ni ìgboyèjáde. Èmi àti Kẹ́hìndé jọ wo àkókò náà lórí fóònù lálẹ́ àná. Ní Sátidé, títì máa ti ní agogo mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá àárọ̀, ó máa ṣí ní agogo mẹ́ta àbọ̀ ọ̀sán. Ní Mọ́ńdè, ó máa ti ní nǹkan bí agogo méjìlá ku mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó máa ṣí lẹ́yìn agogo márùn-ún. Èwo ni ká mú?

Màmá Jọ́gíráfì (Ìkéré-Èkìtì)

Mọ́ńdè. Ti Sátidé, ẹ gbọ́dọ̀ ti kọjá kí agogo mẹ́sàn-án tó lu. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bọ̀ láti Durham, pẹ̀lú ìyàwó tó máa wọṣọ, tó máa wé gèlè, ẹ ò lè débẹ̀. Mọ́ńdè, ẹ lè wọ réluwéè àárọ̀, ẹ dé Berwick ní bí agogo mẹ́sàn-án, ẹ wà lórí erékùṣù ní mẹ́wàá. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀kùn tì. Ẹ jẹun, ẹ sinmi, ẹ gbàdúrà. Tó bá ṣí lẹ́yìn agogo márùn-ún, ẹ fún un ní ìdajì wákàtí sí i kí títì gbẹ dáadáa, kí onítasí wá gbé yín. Ẹ ka àkókò náà fún onítasí náà lẹ́nu, kí òun náà kà á fún yín. Ẹ sì tún un wò láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an.

Bàbá Ìbejì (Adó-Èkìtì)

Mọ́ńdè ni. Ẹ ṣeun, Màmá. Ìyá Ìbejì ti gbà, àmọ́ ó ní kí n béèrè pé kí ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀, àti pé ṣé uyán ò ní le tí òun bá gún un láàárọ̀ sínú kúlà?

Màmá Jọ́gíráfì (Ìkéré-Èkìtì)

Uyán á le. Ẹ fi sílẹ̀. Akàn ni wọ́n ń tà níbẹ̀, wọ́n á yọ ẹran rẹ̀, wọ́n á fi há àárín búrẹ́dì. Ó dùn o, àmọ́ kò sí ata níbẹ̀ rárá. Ẹ pọ́n ata gígún sínú bébà, ẹ fi sínú báàgì ìyá Ìbejì.